Ìyá Tí Kò Fèsì

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún

Títí mi,

Inú ń bí mi sí ara mi. Ọmọkùnrin Hausa kan láti Hayin Dogo ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó mú ọ lọ. Mùdùnmúdùn eegun àbúrò rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Mo bi ìyá wọn, níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, bóyá ó gbà ká gbà lára rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó doríkodò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀, mo sì fi àyè ìtọ́jú kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún ìdílé mìíràn.

Nọ́ọ̀sì Sàlámátù ní, “Haba, Dókítà, ẹ̀yin ọmọ Danmagaji, tẹ́ ẹ dàgbà láàrin Hausa? Àkọ́bí rẹ̀ mà ni; ìyá Hausa kì í dárúkọ àkọ́bí rẹ̀. Ojú á tì í láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ìyá ọkọ.”

Ìdílé kejì ti ń dúpẹ́. Báwo ni n ó ṣe gba àyè náà padà lọ́wọ́ wọn?

Àkọ́bí mi, ojoojúmọ́ ni mò ń pe orúkọ rẹ. Mo gbàgbé pé ìyá mìíràn lè fẹ́ràn tirẹ̀ kó má lè dárúkọ rẹ̀.