Jẹ́ẹ̀lì Tó Fẹ́ Wọ Abẹ́ Ojú Hadiyyah

Òkè-Oyi, Ìlọrin,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Hadiyyah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Kí Ọlọ́hun tó jí wa ire lónìí jí ìwọ náà ire ní Èkó. Gbogbo wa ń bẹ, orúnkún mi nìkan ló ń dùn mí, ìyẹn náà kò sì tó ìpayà tí fọ́tò rẹ kó bá mi.

Nígbà tí mo rí ìlà dúdú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ àti lábẹ́ ojú, mo pariwo pé wọ́n ti kọ ilà fún ọmọ mi ní Èkó, ọmọ tí èmi bàbá rẹ̀ kò kọ ilà fún. Saeedah ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ sáré jáde, ó ní Bàbá, ẹ fara balẹ̀, bírò ni dókítà fi sàmì sí ibi tí abẹ́rẹ́ máa wọ̀. Ó wá ka àlàyé rẹ fún mi, pé jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fẹ́ fà sí abẹ́ awọ ojú rẹ kó lè kún, èyí tó le wà fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n, èyí tó rọ̀ wà fún ètè àti abẹ́ ojú, ó sì máa ń fa omi mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa. Tí ààwẹ̀ bá dé, tí o kò mu omi láti sààrì títí di ìṣínu, ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kò ní gbẹ? Tí o bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, ṣé kò ní sún lọ sí imú? Mo bi Alfa Abdulfattah, ó ní kò sí nínú gbogbo kéwú tí òun ti ké.

Mo wá ní kí Saeedah gbé wàrà àti ẹ̀kọ tútù wá nínú àwo, kí n fi wé jẹ́ẹ̀lì tó le àti èyí tó rọ̀. Mo fi ìka tẹ wàrà, ó ta padà; mo tẹ ẹ̀kọ, ojú ìka mi jókòó síbẹ̀. Mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò wọ́n, wàrà wú sókè lábẹ́ aṣọ, ẹ̀kọ tẹ́jú jẹ́ẹ́. Saeedah ní Bàbá, ẹ jẹ́ n gbé wọn kúrò kí ẹ tó gún wọn lábẹ́rẹ́. Kó máa rẹ́rìn-ín. Awọ abẹ́ ojú fẹ́lẹ́. Jọ̀wọ́, kí dókítà má fi èyí tó le síbẹ̀, kó má baà yọ kókó. Bi í bóyá ó ní oògùn tó lè yọ́ ọ tí kò bá dára. Èyí tí kò bá ṣeé yọ́, má gbà á.

O ní abẹ́ ojú rẹ jin, pé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ ń bi ọ́ bóyá ara rẹ kò yá. Mo mọ ìgbà tó jin. Oṣù mẹ́rin tí o fi tọ́jú ìyá rẹ ní ọsibítù kó tó kú ni. Tí ìrora bá mú un, èmi á sá jáde, ìwọ lo máa ń dì í mú. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ rí, ojú ló ń tì mí. Tí o bá fẹ́ kó kún, n kò bínú. Ṣùgbọ́n má rò pé ó burú lójú mi.

Jọ̀wọ́, fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ náà tó pé. Mo fẹ́ jókòó tì ọ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí n kò ní sá jáde.

Kí Ọlọ́hun tọ́ ọwọ́ dókítà náà sọ́nà, kó má jẹ́ kó pẹ́ kí n tó tún fojú kan ojú rẹ, ì báà kún, ì báà jin. Àmín.

Bàbá rẹ,
Mọ̀múdù