Ọmọ Tí Bàbá Fi Igi Gbẹ́: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Wọ̀n-ọ́n-Lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1941 ni Bàbá wa dáyé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ bàbá wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wọn, gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá-bàbá wọn. Ìyá wọn ló ń fọ aṣọ pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó wà ní ìkángun òpópónà. Bàbá ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì gbá ayùn mú. Kò sí pákó tí wọ́n fẹ́ gé tí wọn kò ní wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ yẹn ti wá. Ìyá wa, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ aránṣọ, máa ń sọ pé Bàbá tiẹ̀ wọn òun náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé òun níyàwó ní ọdún 1966.

Nígbà tí wọ́n bí ọmọ wọn kejì, obìnrin, ní ọdún 1972, Bàbá jókòó ti ẹní ọmọ náà, wọ́n ń wo ojú rẹ̀, wọ́n sì ń gbẹ́ Jésù ọmọ-ọwọ́ fún ibùjẹ ẹran tí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń tò ní Kérésìmesì. Ihò kékeré tó máa ń yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì ọmọ náà bó bá rẹ́rìn-ín, Bàbá kò gbàgbé rẹ̀ lára igi.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá ọdún 1979 ló bà wá nínú jẹ́. Bàbá wà lórí àkàbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kan òrùlé ibùjẹ ẹran. Ibà dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ nílé. Ìyá ránṣẹ́ pe Bàbá, ṣùgbọ́n alága ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ẹni tí wọ́n rán dúró ná, kí iṣẹ́ parí. Kí Bàbá tó délé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bàbá ní àwọn kò ní tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́ láé.

Ní àárọ̀ Kérésìmesì ọdún tó tẹ̀ lé e, Bàbá ṣí àgádágodo ìsọ̀. Ọmọ igi náà, tó yẹ kó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló wà lórí tábìlì iṣẹ́. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan nínú lẹ́búlẹ́bú igi tó wà nílẹ̀. Nígbà tí Bàbá gbé e, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n yí padà. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọdún mẹ́tàlá gbáko. Bàbá pààrọ̀ àgádágodo lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n ká katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀sìn ṣọ́ọ̀ṣì náà, mọ́ ojú ọ̀nà: "Ṣé ìwọ lò ń gbé e wá?" Katikíìsì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ yín wà? Àwa náà ń wá a lọ́hùn-ún." Ẹ̀rù ń ba gbogbo ilé. Ó ń ba Bàbá náà, wọn kò kàn sọ ọ́ ni.

Kérésìmesì ọdún 1993, tábìlì ṣófo. Bàbá dúró títí aago mẹ́sàn-án. Wọ́n wo abẹ́ tábìlì, wọ́n tún un wò. Ara wọn ò gbà á mọ́. Wọ́n kọjá géètì, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì tòun ti lẹ́búlẹ́bú lára aṣọ, wọ́n sì bá ọmọ igi náà nínú koríko gbígbẹ rẹ̀, tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n sunkún. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ Fadá, tí wọ́n tún ìlérí ìrìbọmi wọn ṣe, tí wọ́n sì kọ orúkọ sílẹ̀ pé àwọn ni yóò máa tún àga párìṣì ṣe. Alága àtijọ́ bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣe iṣẹ́ náà, ọmọ igi náà kò sì rìn mọ́.

Bàbá sinmi ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejìlá ọdún 2019, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ìyá wa wà láyé, àti àkọ́bí ọkùnrin tó jogún ìsọ̀, nọ́ọ̀sì kan, olùkọ́ kan, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́jọ.

Ẹbí kò fẹ́ fi èyí pamọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn. Ọdún mọ́kànlá ni àkọ́bí ti pa Mísà tì, ó ní iṣẹ́ ò jẹ́. Ní àárọ̀ Kérésìmesì tó kọjá yìí, ó ṣí ìsọ̀ láti parí pósí Bàbá. Ọmọ igi náà wà lórí tábìlì, ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó gbé e dé ẹnu géètì, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e kalẹ̀, apá rẹ̀ kọ̀. Ó gbé e wọlé sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ rẹ̀ ló wà níwájú iṣẹ́ àga párìṣì báyìí.

Bàbá, ẹ bá wa kí ọmọ yín obìnrin. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọlé. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sáyà rẹ̀. Ẹ sùn re o.