Obì Ìrèké

Agbo Ilé Láwọ̀yín,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
Ifẹ̀-Olúkòtún.
Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Èrèlé, 2025.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Yàsírù,

"Àǹtí Jùwáíríyà tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi ní pólì ti fi dá mi lójú pé ìrèké máa ń mú ilẹ̀ tutù. Àwọn náà ni wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn pa obì ilé-iṣẹ́ wa."

Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún àwọn obìnrin létí odò lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn, lọ́jọ́ tí o mọ̀ pé mo lọ sí Ìsánlú. Mo ní kí Ìyá Emmanuel, tó wà níbẹ̀, tún un sọ kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má baà fi kún un tàbí yọ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ rí i bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ, kí n tó kí ọ.

Ó yá, òkun o. Ṣé ara le? Ṣé Khàdíjàt ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ tí ọyẹ́ fà? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ní Kabba níbẹ̀, ṣé ẹ ń rí omi lò? Ìyá wa dúpẹ́ aṣọ òtútù tí o fi ránṣẹ́. Wọn kò tíì wọ̀ ọ́, nítorí ooru.

Ooru yẹn gan-an ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ tí ò ń bá ṣe ti gé gbogbo igi ìhà Makutu, tí wọ́n gbin ìrèké tí wọn yóò fi pọn ọtí tí a ń pò mọ́ epo mọ́tò, kùrukùru àárọ̀ kì í dúró lórí odò Ìdí-Apá mọ́. Kànga ẹ̀yìnkùlé wa gbẹ kí ọyẹ́ tó lọ. N kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: òjò èṣí kò tó, n kò sì lè búra pé gígé igi nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n igi ló ń fa omi láti inú ilẹ̀, tó sì ń dá a padà sójú ọ̀run. Bí a bá tú ilẹ̀ tó gbòòrò síhòòhò lẹ́ẹ̀kan náà, òjò àgbègbè náà yóò mọ̀ ọ́n lára. O ti gbọ́ èyí lẹ́nu mi rí.

O gbọ́ èyí tó kù pẹ̀lú. Nígbà tí o pè mí lórí fóònù, tí o ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin alákọ̀wé, ṣé lóòótọ́ ni oko ìrèké ń tutù ju oko ẹ̀gẹ́ lọ?", mo dá ọ lóhùn pé, "Ó lè tutù jù ú lọ nígbà tí ewé rẹ̀ bá kún, ṣùgbọ́n omi ló ń mu láti fi tutù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹlòmíràn ni yóò gbẹ nítorí rẹ̀." O rẹ́rìn-ín. O wá gé gbólóhùn mi sí méjì bí ẹni gé ìrèké, o mú ìdí tó dùn, o sọ orí nù.

Ó ku ọ̀rọ̀ obì. Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, a kì í pa obì àlejò láìbéèrè pé, "Obì kí ni?" Ẹni tó bá jẹ obì ti jẹ ọ̀rọ̀ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi kú ni o gbé e wá, bàbá mi tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí ọ. Ta ni í bi ọmọ ilé léèrè irú obì tó gbé wọ ilé ọ̀fọ̀? Mo pa á, mo pín in fún gbogbo obìnrin tó jókòó tì mí, a sì fi ṣàdúà.

Ní báyìí, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí ni àwọn obìnrin yóò fún ilé-iṣẹ́ yín lésì lórí ẹ̀rọ tó máa fa omi Ìdí-Apá lọ sí oko ìrèké. Wọn kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Ìyá Emmanuel, tó ń ṣáájú wa lọ gbá ìsun odò náà mọ́ lọ́dọọdún kí òjò tó dé, sọ fún mi pé, "A ti jẹ ẹ́, Jùwáíríyà. Ẹnu wa ti dí." Lánàá, kò sí ẹni tó bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì rù. Ọpẹ́dayọ̀, aya ilé kejì, ní, "Àǹtí alákọ̀wé, omi inú ìwé yín dà? Ẹ pọn ún wá, ká fi se ọbẹ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi kò rín.

Nítorí náà, ojú mìíràn ni mo fi ń wo ohun gbogbo báyìí. Philip, ọ̀gá rẹ tí o mú wá kí wa, kò béèrè irú ikú tó pa bàbá mi. Ibi tí odò ti ń sun ló béèrè. Páìpù tí ẹ kó sẹ́yìn ilé-ìwé, o ní ti kànga ẹ̀rọ àwọn ọmọ ni. Ewúrẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá, Yàsírù. Irú òùngbẹ wo ló ń gbẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé? Ọ̀dà pupa tí ẹ kùn sára igi apá àti ògùrọ̀ orí ìsun ńkọ́? O ní kí ẹnikẹ́ni má baà gé wọn ni. Èmi ti rí àgbò tí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí lára nígbà Iléyá. Kì í ṣe torí kí wọ́n lè dá a sí.

Ẹni tó gbé obì wá nìkan ló lè sọ obì ohun tó jẹ́. Mo di ọ̀kan mọ́ lẹ́tà yìí, odidi ni. Mú un bọ̀ létí odò. Níṣojú gbogbo wọn ni màá ti bi ọ́ ní ohun tó yẹ kí n ti bi ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí o bá dáhùn pé obì ọ̀fọ̀ ni, tí o sì sọ apá kejì gbólóhùn mi, màá pa á, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Bí o kò bá wá, màá sọ fún wọn fúnra mi pé obì òkú bàbá mi ni o fi ra odò wọn. Bóyá wọn yóò gbà mí gbọ́, n kò mọ̀. Ohun tí wọn yóò máa pè ọ́ ní ilé yìí ni mo mọ̀.

Bá mi kí Khàdíjàt, kí o sì gbé ọmọ mọ́ra fún mi. Ìyá wa ń kí ọ; n kò tíì sọ fún wọn. Má bá mi kí Philip.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò tíì kọ̀ ọ́ ni mí,

Jùwáíríyà Láwọ̀yín

Awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá yóò padà síhìn-ín lọ́jọ́ Ẹtì, 21 Oṣù yìí. Bá a wá. Títí a ó fi kírun Jímọ̀ tán ni mo fún ọ. Bí wọ́n bá ti pe ìrun aláásárì, èmi ni yóò dáhùn dípò rẹ.