Ọ̀rọ̀ Ẹja Màmá

Bàbá Waliyah, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn tó dájọ́ tiwa kò tilẹ̀ gbọ́ tẹnu wa rárá.

Bí mo ṣe kírun Àsùbá tán, mo rí i pé ọjà orí ayélujára tí a ti ń ta ẹja yíyan Màmá ti ti ṣọ́ọ̀bù wa pa. Wọ́n ní a rú òfin. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, òfin wo ni?" Wọ́n ní kí n lọ ka òfin. Mo kà á títí ojú fi ń ta mí, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ wa níbẹ̀. Mo tún béèrè, èsì kan náà ni wọ́n tún fi ránṣẹ́.

Ibi tó dùn mí jù ni pé Màmá pè láti Ẹ̀pẹ́. Mo kí wọn, "Àṣàbí ọmọ ọ̀sà, a-yan-ẹja-má-jẹ̀ẹ́-ó-jóná!" Màmá rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó mi, ṣé àwọn ará inú fóònù ti jẹ ẹja mi tán? Mo ti ra igi o, mo fẹ́ dáná òmíràn." N kò lè sọ ọ́. Màmá á rò pé ẹja àwọn ló lábùkù.

Mo ti gbé èyí tó wà nílẹ̀ lọ tà ní Gáréèjì Ìkòròdú, bóyá Ọlọ́hun á ṣàánú mi. Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù, ẹ má jẹ́ kí ológbò dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin lọmọ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe Màmá kí wọ́n tó dáná, kí ẹ sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹja wọn.