Kókó Tí Wọ́n Ní Ká Febi Pa

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ dákun, ẹ fara da ìkọ̀wé mi tó rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú eruku. Ẹ mọ̀ pé mi ò pẹ́ nílé ìwé, ọ̀rọ̀ a sì máa pẹ́ kó tó dé ọwọ́ mi. Mo lérò pé ara yín le. Tèmi le. Ti ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ.

Dókítà ní jẹjẹrẹ ni kókó tó wà nínú ìfun rẹ̀. Ó ní ńṣe ni kókó náà ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bí ẹni tó jí omi fà láti páìpù aládùúgbò. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń jẹ tó fi ń dàgbà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ máa gún fún un kò ní jẹ́ kí iṣan tuntun hù mọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ebi la máa fi pa á."

Ọ̀rọ̀ ebi yẹn ni Ìyá Aránṣọ gbé délé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n, àwọn ló tọ́ ọ dàgbà, ilé wọn la sì ń gbé. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ebi ló ń pa kókó, kí la tún ń dúró dè? Wọ́n ti ilé ìdáná pa, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ, wọ́n gbé e kọ́rùn. Omi gbígbóná àti ọsàn ni ọkọ mi ń rí. Bí ṣòkòtò rẹ̀ bá ti ń já bọ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ rán ìbàdí rẹ̀ wọlé sí i, wọ́n á pàtẹ́wọ́ pé kókó ti ń kú.

Mo lọ se ẹyin lọ́dọ̀ aládùúgbò, mo fi gèlè bò ó wọlé. Itọ́ yọ lẹ́nu ọkọ mi, ó sì ké pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ìyàwó òun fẹ́ bọ́ kókó. Ìyá Aránṣọ ò pariwo. Wọ́n ní, "Ìyàwó, kókó méjì ló wà lára àbúrò mi. Dókítà rí ọ̀kan. Èmi rí èkejì lọ́jọ́ ìgbéyàwó." Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, Kókó ni wọ́n ń pè mí. Mo sì ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tá a dé ọsibítù, ara rẹ̀ ti gbẹ jù, dókítà ò lè gún un. Ó ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kókó lòun ní ká dí, òun ò ní ká dí ẹnu ọkùnrin náà. Bí kò bá jẹun kánmọ́kánmọ́, kókó á jẹ ẹ́ tán. Ó bèèrè ẹni tó ń febi pa á. Ìyá Aránṣọ nawọ́ sí mi: "Ìyàwó rẹ̀ ni. Kò mọ oúnjẹ sè." Mo wo ọkọ mi. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tá a délé, Ìyá Aránṣọ ní dókítà rí i pé kókó ti fẹ́ kú ni, ó fẹ́ ká tún jí i. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́rùn wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má sunkún nítorí mi. Láàárọ̀ yìí, ọkọ mi rọra bi mí bóyá ẹyin kù. Mo ní àwọn tí mo tún sè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ òun á jẹ. Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ràn mi?

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ohun tẹ́ ẹ tọ́jú ò ní bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Èmi ni àbúrò yín tẹ́ ẹ pọ̀n dàgbà.

Ohun tó kù: Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọkọ mi ń pè mí, ó ní kí n kó ẹyin wá. Ṣebí mo sọ fún yín. Ṣùgbọ́n Ìyá Aránṣọ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ́wọ́, wọ́n ní, "Kókó, kó gbogbo rẹ̀ wá o," ọkọ mi náà sì ń sọ pé kí n tètè