Lọ́rì Pupa Orí Afárá

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹjọ

Lónìí mo kọ́ ogójì olùkọ́ ní iṣẹ́ wọn. Ogójì! Olùkọ́ ìtàn, olùkọ́ ẹ̀kọ́ àwùjọ, gbogbo wọn jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi sílẹ̀ bí ẹni ń kọ òfin ìlú.

Ó dáa. Wọn ò tó ogójì. Mẹ́fà ló wà nídìí tábìlì mi, ọ̀kan nínú wọn sì ń tẹ fóònù. Ṣùgbọ́n tábìlì mi ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín jù.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ọmọ mi obìnrin ló ń darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ lásìkò ìsinmi yìí. Adájọ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí kò sóhun tí mo lè ṣe nínú ilé kó má dá mi lẹ́jọ́. Ó fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gba ìtàn lẹ́nu àgbà, kí àwọn náà lè lọ kọ́ ọmọ iléèwé. Ó kó àgbà mẹ́ta jọ — èmi, Dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì, àti Ìyá Télọ̀. Tábìlì wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbéèrè kan náà: kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí afárá ìlú wa? Àwọn olùkọ́ á wá fi ọ̀rọ̀ wa wéra, wọn á wo ibi tó ti yàtọ̀ àti ìdí tó fi yàtọ̀.

Mo ní lọ́rì pupa kan kú sáàárín afárá. Mo ní àwọn ọ̀gá wọ kóòtù, wọ́n dúró bí òpó, èmi ni mo ká ṣòkòtò sókè tí mo ní ẹ jẹ́ ká tì í. Mo ní bàtà mi kan bọ́ sómi. Wọ́n kọ bàtà náà sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹjọ

Ìsinmi fún àwa àgbà. Ìdí ń dùn mí. Àga iléèwé, ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún.

Ọjọ́rú, 6 oṣù kẹjọ

Adájọ́ ń gé àlùbọ́sà, ó ń sunkún, mo bi í pé ta ló kú. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá alábẹ̀wò láti iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹnì kan ni wọ́n fẹ́ mú tí yóò máa gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí káàkiri gbogbo iléèwé — òun tàbí Ọlọ́táì.

Ọlọ́táì: olùkọ́ ìtàn kan tó ń so táì nínú ooru yìí. Ó ní àhesọ ni ọ̀rọ̀ arúgbó, inú ìwé nìkan ni ìtàn wà. Ó kí mi lọ́jọ́ Ajé bí ẹni ń kí àga. Mi ò kórìíra rẹ̀. Mo kàn ń wo ọrùn rẹ̀ ni.

Adájọ́ ti ń retí ipò yìí láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ àgbà wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ náà ti ní irùngbọ̀n báyìí.

Ó ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, lọ́la, ẹ má bá àwọn àgbà méjì yẹn sọ̀rọ̀ afárá kí wọ́n tó pè yín fún ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì. Tí ẹ bá ti jọ sọ ọ́, iṣẹ́ mi bàjẹ́ nìyẹn."

Mo ní, "Afárá wo?"

Ó pòṣé.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kẹjọ

Mo bá wọn sọ̀rọ̀ afárá.

Kí ni kí àgbà mẹ́ta máa sọ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé? A ti ka àìsàn wa tán. Mo ní kí n kàn fi lọ́rì náà pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà — ẹni tó sọ fáwọn olùkọ́ lọ́jọ́ Ajé pé òun kàn kọjá, òun sì padà sílé — gbójú sókè. Ó wo àjà. Ó ní, "Pupa? Lọ́rì pupa? Ṣebí èmi ni mo wà á!"

Tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú mi jáde.

Ìyá Télọ̀ náà dá sí i: "Áà, ẹ̀yin lẹ tì í? Omi tí mo bù fún yín mu lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ ò tiẹ̀ dúpẹ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Nígbà tí wọ́n pè wá fún ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì, lọ́rì ti dé tábìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ń gbọ́ Dírẹ́bà láti ọ̀dọ̀ mi, ó ń fi ẹnu ṣe ìró ẹ́ńjìnnì.

Ẹtì, 8 oṣù kẹjọ

Alábẹ̀wò jókòó sẹ́yìn. Aláwò Ojú — olùkọ́ obìnrin tó ń bi mí léèrè látọjọ́ Ajé — dúró, ó ka èsì wọn: lọ́rì pupa, ẹlẹ́rìí mẹ́ta, kò sí àtakò, ó dájú. Wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó gàdàgbà.

Ọlọ́táì nawọ́. Ó rọra béèrè pé tí gbogbo wọn bá sọ nǹkan kan náà, kí ni àwọn fẹ́ fi wéra?

Adájọ́ wo pátákó. Ó ní kí wọ́n ka tọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé, nínú ọ̀rọ̀ tábìlì kan ṣoṣo ni lọ́rì wà, tèmi. Ó yíjú sí mi. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí, bí ìyá mi ṣe máa ń wò mí.

Mo dìde. Mo ní, "Kò sí lọ́rì kankan. Irọ́ ni mo pa."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Baba yìí! Ẹ tún ti dé!" Aláwò Ojú ń nu omijé. Dírẹ́bà fò dìde: "O fẹ́ sọ pé mi ò wa lọ́rì mi ni? Ìwọ tí o tì í!" Ìyá Télọ̀ ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, bàtà yẹn ló ṣì ń dùn mí.

Wọ́n nawọ́ sókè láti dìbò bóyá lọ́rì wà. Mo pàdánù. Mo ti ń parọ́ látìgbà ọmọdé, n ò rí i kí ayé gbèjà rẹ̀ báyìí rí.

Adájọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mú àkísà, ó nu pátákó mọ́ tónítóní. Ó sọ fún alábẹ̀wò pé òun fi àwọn ẹlẹ́rìí òun sójú kan, àṣìṣe òun ni, iṣẹ́ náà ò ṣeé gbára lé. Kò dárúkọ mi.

Àìkú, 10 oṣù kẹjọ

Mo ti ro àwíjàre mi dáadáa. Ẹjọ́ ò wáyé. "Ẹ wá jẹun, Bàámi." Ó parí.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kẹjọ

Ọlọ́táì ni wọ́n mú.

Ọjọ́rú, 13 oṣù kẹjọ

Adájọ́ ń sá aṣọ. Ó kẹ̀yìn sí mi. Ó ní, "Bàámi, ẹ̀fẹ̀ lásán ni, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó ń sá aṣọ rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí afárá, mi ò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wú. Mo dùbúlẹ̀ ní yàrá ìyá mi, mo ń gbọ́ ariwo lókèèrè, lẹ́yìn náà ariwo dákẹ́, àwọn ará ilé sì wọlé dé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo sì kọ́kọ́ sọ fún Aláwò Ojú lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nìyẹn, òótọ́ pọ́nńbélé. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Baba." Ó dé bírò rẹ̀. Ó ń wo ọ̀dọ̀ Dírẹ́bà, ó ti ń fa àga sẹ́yìn.

Mo ní, "Ẹ dúró ná. Lọ́rì kan wà."