Àdúrà Tó Fi Mí Pamọ́

Màámi,

Háà, kí lẹ tún ṣe yìí? Mo kàn sọ nínú lẹ́tà mi pé rédà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ojú ọ̀run, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bàálù kékeré tí mo fi pákó àti aṣọ kàn. Ẹ wá ń ṣe sàráà káàkiri Àgùdà pé Ọlọ́run ti fi mí pamọ́ lójú ọ̀tá! Àwọn tó ń wo rédà ní Kánádà níbí kì í ṣe ọ̀tá, Màámi. Bí wọ́n bá rí mi, àwọn ló ń sọ fún bàálù ńlá pé kó yà fún mi.

Ara mi le. Àlíyù ọ̀rẹ́ mi ló ń bá mi kọ èyí, ọwọ́ mi kàn ń sinmi ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kẹ́ mi. Ẹ kí Àǹtí Jemilat. Tẹ́ ẹ bá ti kírun tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ Ọlọ́run kó má fi mí pamọ́ mọ́.

Quadri yín